Bí mọ́tò bá dúró lọ́nà, ẹ sọ̀kalẹ̀ kẹ́ ẹ na ẹsẹ̀

Ẹni tó bá wọ mọ́tò ní Ìgèdè-Èkìtì, tó gba Iléṣà àti Ìbàdàn lọ sí Èkó, yóò lò ju wákàtí mẹ́rin lọ lórí ìjókòó. Lọ́dún 2007, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kìlọ̀ pé irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, ìbáà jẹ́ nínú mọ́tò tàbí bàálù, máa ń sọ ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan di ìlọ́po méjì. Ẹran ẹ̀yìn ojúgun ló ń ti ẹ̀jẹ̀ padà sókè. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ á dúró sójú kan.

Nítorí náà, bí awakọ̀ bá dúró ní Ìkirè, ẹ má kàn ra dòdò láti ojú fèrèsé. Ẹ sọ̀kalẹ̀, kẹ́ ẹ kúrò létí títì.

Ẹ di ara mọ́tò mú, ẹ gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ kanlẹ̀, kẹ́ ẹ tẹ orúnkún iwájú. Ẹ ka ení dé ogún, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹsẹ̀.

Ẹ dúró lórí ọmọ ìka ẹsẹ̀ nígbà mẹ́wàá.

Bí ẹsẹ̀ kan bá wú, tó gbóná, tó ń dunni lẹ́yìn ìrìn àjò, ẹ má fi àdín wọ́ ọ. Ọsíbítù ni kẹ́ ẹ lọ lọ́jọ́ náà. Bí àyà bá ń dunni, tí èémí kò délẹ̀, ẹ má fi ìṣẹ́jú kan ṣòfò: ẹ̀jẹ̀ tó dì lè ti dé ẹ̀dọ̀fóró.