Ẹni tí Ó Ń Dá Orin àti Àwọn tí Ń Gbè É

Ní ilẹ̀ Ìbọ̀lọ́, láti Ẹ̀rìn-Ilé dé Ọ̀ffà ìlú ìjàkadì, títí lọ dé Òkukù, àṣà kan wà láyé àtijọ́ tí ó fi hàn pé àwọn baba ńlá wa mọ̀ dájú pé ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Bí ó bá ku ọ̀la kí ọmọbìnrin wọ ilé ọkọ, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á jáde, wọn á máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, á kúnlẹ̀ níwájú baba, á kúnlẹ̀ níwájú ìyá, á dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìdílé, ẹkún á máa gbọ̀n lóhùn rẹ̀, á sì máa sun ewì tí a ń pè ní ẹkún ìyàwó, èyí tí àwọn ará Òkukù mọ̀ sí rárà ìyàwó. Níbẹ̀ ni yóò ti ki ìdílé rẹ̀, tí yóò dúpẹ́ ọmú tí ó mu, tí yóò sì tọrọ ọmọ lọ́wọ́ Ẹlẹ́dàá. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ náà ni yóò ti sọ ohun tí kò jẹ́ sọ ní ọjọ́ mìíràn: ẹ̀rù ilé tí kò mọ̀, ẹ̀rù orogún, ìbànújẹ́ ọ̀rẹ́ tí ó ń fi sílẹ̀, àti ojú tí àwọn tí kò fẹ́ràn rẹ̀ fi ń wò ó. Ta ni yóò gbà lọ́jọ́ mìíràn kí ọmọge dúró lójú agbo kí ó máa wí pé àyà ń fo òun? Lọ́jọ́ náà, owó ni àwọn àgbà fi ń ta á lọ́rẹ.

Karin Barber, obìnrin òyìnbó tí ó gbé ní Òkukù fún ọdún mélòó kan ní àwọn ọdún 1970, tí ó sì gbọ́ Yorùbá yékéyéké, ṣe iṣẹ́ ńlá lórí oríkì àti rárà ìyàwó ìlú náà nínú ìwé tí ó jáde ní 1991. Ẹni tí ó bá tẹ́tí sí irú ewì bẹ́ẹ̀ yóò rí i pé ìyàwó kì í tẹ̀lé ìtàn kan láti orí dé ìdí. Ó ń ṣa gbólóhùn tí ó ti kọ́ lẹ́nu àwọn àgbà obìnrin, ó ń tò wọ́n bí ọkàn rẹ̀ ti fẹ́, ó sì ń fi ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ há wọn láàárín. Bí ó bá dé ibi tí omijé kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde mọ́, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á gba orin lẹ́nu rẹ̀, wọn á máa gbè é títí yóò fi rí èémí mí. Àwọn kan gbà pé adùn ohùn ni oògùn ibẹ̀. Lójú tèmi, ègbè ni.

Àwọn onílù ti mọ àṣírí yìí ṣáájú gbogbo wa. Nígbà tí ogun Ìlọrin ń jà kiri ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ Ẹ̀rìn-Ilé kan kó ẹrù wọn, wọ́n lọ tẹ̀dó sí ìtòsí Òṣogbo Òròkí, níbi tí a ń pè ní Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun títí di òní; ìlú náà sì di ojúde àwọn onílù, ọmọ Àyàn Àgalú, amú-igi-fọhùn-bí-ènìyàn, tí Lámídì Àyánkúnlé, ẹni tí ó gbé bàtá dé Jámánì, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Nínú agbo bàtá, ohun kan náà ni omele ń sọ, láìyẹ̀, láìsinmi. Ìyáàlù ni ó ń rìn gbéregbère, tí ó ń ki ẹni tí ó wọlé, tí ó ń bú ẹni tí ó yẹ ní bíbú, tí ó ń wo ẹsẹ̀ oníjó kí ó tó mọ ohun tí yóò sọ tẹ̀lé e. Ìyáàlù lè ṣáko lọ bí ó ti wù ú, nítorí ó mọ̀ pé omele ń bẹ níbi tí òun fi í sí.

Ní 1959, Paul Nordoff, ọmọ Amẹ́ríkà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ orin kíkọ sílẹ̀, àti Clive Robbins, olùkọ́ àwọn ọmọ aláàbọ̀ ara ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ ohun tí kò ní ya ọmọ Àyàn lẹ́nu. Ọmọ tí kò lè sọ̀rọ̀ á máa lu ìlù bí ó ti wù ú, Nordoff á jókòó sídìí dùùrù, á máa fi ìka tẹ̀lé e. Bí ọmọ bá yára, á yára. Bí ọmọ bá figbe ta, á wá orin tí ó bá igbe náà mu, títí ọmọ yóò fi mọ̀ pé ẹnìkan ń dá òun lóhùn. Lára ohun tí wọ́n ṣe yìí ni ẹ̀ka ìwòsàn kan ti hù, tí ó ti tàn ká ọ̀pọ̀ ilẹ̀ báyìí.

Àwa náà ní tiwa nílé. Ní Lántòrò, ní Abẹ́òkúta ọmọ Lísàbí, a ṣí ibùgbé kan ní 1944 fún àwọn tí àrùn ọpọlọ ń bá jà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, Ulli Beier, tí ó ń bá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti Ìbàdàn ṣiṣẹ́, àti Susanne Wenger, tí a wá mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, gbé ọ̀dà àti bébà tọ̀ wọ́n lọ, wọ́n sì fi wọ́n sílẹ̀ kí olúkúlùkù ya ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Irú ọwọ́ yìí kan náà ni Beier àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi mú àwọn ọ̀dọ́ Òṣogbo lẹ́yìn tí a ṣí ilé ọnà Mbárí Mbáyọ̀ níbẹ̀ ní 1962, tí Muraina Oyèlámì àti Twins Seven-Seven fi di ayàwòrán tí ayé mọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ti Òṣogbo kì í ṣe ìwòsàn rárá. Ní 1982, Beier kó àwọn àwòrán àwọn alárùn ọpọlọ jáde nínú ìwé kan ní Jámánì. Ìwé náà ṣe ọ̀pọ̀ òǹwòran láǹfààní, ṣùgbọ́n ó ń kọ mí lóminú: ohun tí ènìyàn yà nígbà tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ṣé ti gbogbo ojú ni?

Thomas Adéoyè Lámbò, oníṣègùn àrùn ọpọlọ, ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ègbè yìí yé mi dáadáa. Láti 1954 ni ó ti ṣètò pé kí àwọn aláìsàn tí wọ́n ń gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn Arò ní Abẹ́òkúta máa gbé nínú àwọn abúlé tí ó yí i ká, lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀, pẹ̀lú ìbátan kan tí yóò máa tọ́jú wọn; ìbátan náà ni ègbè wọn. Ó sì pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Abẹ́rẹ́ àti oògùn kò kúrò níbẹ̀. Ẹni tí kò fojú kan oorun láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí tí ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́, ilé ìwòsàn ni kí a kọ́kọ́ mú un lọ, kí ìlù tó tẹ̀lé e. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìwádìí tí ó lé ní 3,000 yẹ̀ wò ní 2019 lórí iṣẹ́ ọnà àti ìlera, wọ́n sì rí àǹfààní rẹ̀ fún ara àti ọkàn, ṣùgbọ́n wọn kò sọ pé kí a da oògùn nù.

Ìgbéyàwó òde òní ti fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn rọ́pò ẹkún ìyàwó. Alága ìjókòó ń dá àpárá, ìyàwó ń rẹ́rìn-ín fún ayàwòrán, kò sì sí ẹni tí ó bi í bóyá ẹ̀rù ń bà á. N kò ní kí a fi ipá dá ti àtijọ́ padà. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan ní Ẹ̀rìn-Ilé lè ya wákàtí kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀, kí ó wá èédú, páálí àti ìlù kékeré kan, kí ó má fi máàkì sí i, kí ó má sì tún ọwọ́ ọmọ kankan ṣe. Bí ọmọ bá ya baba rẹ̀ láìní ẹnu, kí olùkọ́ má bá a kun ẹnu sí i. Kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ohun tí baba náà ìbá sọ, kí ó sì fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.