Fídíò rélùwéè kékeré: Bí eré ọwọ́dilẹ̀ ṣe ń di òwò

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ìpolówó ni àgúnmu òwò. Ọ̀rọ̀ yìí ṣẹ mọ́ àwọn ìbejì kan lára nílùú Hamburg, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Frederik àti Gerrit Braun lorúkọ wọn, ilé ijó alẹ́ ni wọ́n sì ń bójú tó tẹ́lẹ̀. Lọ́dún 2000, Frederik rìnrìn àjò lọ sí Zurich, ó yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta ọkọ̀ ojú irin kéékèèké, ló bá rántí eré tí wọ́n ń ṣe nígbà èwe. Ojú ẹsẹ̀ ló tẹ ìkejì rẹ̀ láago pé kí àwọn lọ kọ́ rélùwéè kékeré tó tóbi jù láyé.

Ní August 16, 2001, wọ́n ṣílẹ̀kùn ibi tí wọ́n pè ní Miniatur Wunderland. Lónìí, ìwé àkọsílẹ̀ Guinness ti gbà pé òun ló tóbi jù nínú irú rẹ̀ lágbàáyé. Ọkọ̀ ojú irin kéékèèké tó wà níbẹ̀ lé ní 1,000, ó sì tún ní pápákọ̀ òfurufú tí wọ́n ṣí lọ́dún 2011, níbi tí bàálù kéékèèké ti ń gbéra tí wọ́n sì ń balẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn tí kò dé Hamburg rí ló ti fi fídíò mọ ibẹ̀. Èyí tí àwọn oníbi náà fúnra wọn ṣe sórí YouTube, àìmọye mílíọ̀nù ìgbà làwọn èèyàn ti wò ó. Kódà, lọ́dún 2016, Google gbé kámẹ́rà kéékèèké sórí àwọn ọkọ̀ kéékèèké láti yàwòrán àwọn òpópónà ibẹ̀. Ẹni tó bá wo fídíò lónìí lè ra tíkẹ́ẹ̀tì lọ́la, ibẹ̀ sì lèrè wà.

Ṣùgbọ́n báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é tí ohun tó wà lórí tábìlì fi ń dà bí ohun gidi? Kì í ṣe ẹni tó ní rélùwéè kékeré nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn o. Ẹni tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀, bàtà tàbí ère gbígbẹ́ náà lè rí nǹkan mú níbẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ibi tí ojú kámẹ́rà wà. Ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ jù nínú rélùwéè kékeré, tí wọ́n ń pè ní HO, máa ń pín ohun gidi sí ọ̀nà 87. Èèyàn tó ga ní mítà 1.74 kò ju sẹ̀ǹtímítà méjì lọ níbẹ̀. Bí ẹ bá dúró lókè yàwòrán, gbogbo ayé ló máa mọ̀ pé nǹkan ìṣeré ni. Ẹ mú kámẹ́rà wá sílẹ̀ dé ibi tí ojú èèyàn kékeré yẹn máa wà. Bó bá jẹ́ fóònù ni, ẹ dorí rẹ̀ kodò kí ojú kámẹ́rà rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀, kí ẹ sì gbé e ti nǹkan tí kò ní mì.

Èkejì ni iná. Kámẹ́rà ńlá tó bá sún mọ́ ohun kékeré máa ń jẹ́ kí iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú bàìbàì. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí i ni pé wọ́n á dín ihò ojú kámẹ́rà kù, wọ́n á wá fi iná kún iná. Fóònù kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ìṣòro yìí. Ẹ tún rántí pé ìgbà 50 ni iná mànàmáná ń lọ tó ń bọ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan ní Nàìjíríà àti ní Jámánì. Bí àwòrán bá ń ṣẹ́jú, ẹ fi kámẹ́rà sí 1/50 tàbí 1/100. Ní Amẹ́ríkà tí tiwọn jẹ́ 60, 1/60 tàbí 1/120 ni.

Ẹ̀kẹta ni eré sísá, ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe. Ọkọ̀ ojú irin gidi tó ń sáré 80 kìlómítà ní wákàtí kan, bí ẹ bá pín in sí ọ̀nà 87, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 25 ló yẹ kó lọ láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó bá yá jù bẹ́ẹ̀ lọ, á dà bí eku tó ń sá fún ológbò. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ nu eruku kúrò lára ọkọ̀ àti irin, torí eruku tí ojú wa kò rí, kámẹ́rà á sọ ọ́ di òkúta.

Lẹ́yìn èyí ni gígé fídíò àti síso ó pọ̀, tí wọ́n ń pè ní èdítìn. DaVinci Resolve wà tí ẹ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ kọ́kọ́ fi gbogbo àdúgbò han awòran, lẹ́yìn náà ọkọ̀, kí ẹ tó sún mọ́ táyà rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ń lọ sí ọ̀tún, ẹ má ṣe jẹ́ kó ṣàdédé máa lọ sí òsì nínú àwòrán tó tẹ̀ lé e, awòran á rò pé ó ti ń padà ni. Ẹ yọ ariwo mọ́tò kékeré náà kúrò, kí ẹ fi ìró ọkọ̀ ojú irin gidi tí ẹ fúnra yín gbà sílẹ̀ dípò rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra fún orin olórin o! YouTube ní ẹ̀rọ tó ń dá orin mọ̀, ẹni tó ni orin sì lè gba owó tó yẹ kó jẹ́ tiyín.

Owó ńkọ́? Kí YouTube tó lè máa fún yín nínú owó ìpolówó orí fídíò yín, ẹ gbọ́dọ̀ ní èèyàn 1,000 tó forúkọ sílẹ̀ láti máa tẹ̀ lé yín, kí àwọn èèyàn sì ti fi wákàtí 4,000 wo fídíò yín láàárín ọdún kan. Bí fídíò yín bá jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá, tí gbogbo èèyàn sì wò ó parí, ìgbà 24,000 nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ìpín 55 nínú 100 owó ìpolówó náà ló máa jẹ́ tiyín. Ọ̀nà tún wà fáwọn tó ń ṣe fídíò kúkúrú: kí àwọn èèyàn wò ó nígbà mílíọ̀nù 10 láàárín 90 ọjọ́.

Nítorí náà, ẹ má ṣe yáwó ra kámẹ́rà olówó ńlá. Fóònù ọwọ́ yín, iná méjì àti sùúrù tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ní ọjà tó ń tà, ẹ jẹ́ kí fídíò kọ́kọ́ bá a wá oníbàárà ná, kó tó máa retí owó YouTube. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.