Gbígbé Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Akẹ́rù sínú Land Rover

Ó ṣeé ṣe kí orí-ọ̀rọ̀ mi ya ẹlòmíràn lẹ́nu. Ohun tí a máa ń gbọ́ ní irú ìjókòó báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ó ti inú ìwé wá. Èyí tí mo mú wá lónìí, ọgbà mẹkáníìkì ni ó ti wá, ọ́ìlì dúdú sì wà lára rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì Land Rover oníbẹntiróòlù bá ti gbó, tí ohun èlò rẹ̀ kò sì sí lọ́jà mọ́, àwọn ènìyàn a máa yọ ọ́ kúrò, wọn a sì fi ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì inú ọkọ̀ akẹ́rù rọ́pò rẹ̀, kí ọkọ̀ náà lè máa gun òkè, kí ó máa la ẹrẹ̀ kọjá, kí ó sì máa ru irè oko wálé. Èmi náà ṣe é. Díẹ̀ ni ó kù kí ó pa mí, àti àwọn tí mo gbé dání. Ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé ó yẹ kí a wò ó fínnífínní.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ènìyàn máa ń béèrè nípa ẹ́ńjìnnì ni pé, 'Agbára ẹṣin mélòó ni?' Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ohun méjì ni ó para pọ̀ di agbára ẹ́ńjìnnì. Èkíní ni ipá tí ó fi ń yí ọ̀pá rẹ̀, èyí tí n ó máa pè ní ipá ìyí. Èkejì ni iye ìgbà tí ọ̀pá náà ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá fi èkíní sọ èkejì di púpọ̀ ni a tó rí agbára. Ẹ wo ẹni méjì tí ń gún iyán: ọ̀kan ń fi ọmọ odó ńlá gún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, èkejì ń fi ọmọ odó kékeré gún un kíákíá. Iyán àwọn méjèèjì lè kúná lákòókò kan náà, ṣùgbọ́n bí kókó bá pọ̀ nínú iṣu náà, a mọ ẹni tí a ó pè.

Ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù tí ó wà nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ Land Rover láti 1958 títí di àárín àwọn ọdún 1980, èyí tí ìwọ̀n inú rẹ̀ jẹ́ lítà 2.25, ń pèsè nǹkan bí agbára ẹṣin 70 nígbà tí ó bá ń yí ní nǹkan bí ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ipá ìyí rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí Newton-mítà 165. Ẹ jẹ́ kí a fi wé Cummins 4BT, ẹ́ńjìnnì akẹ́rù onísìlíńdà mẹ́rin, lítà 3.9, tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní àwọn ọdún 1980. Agbára ẹṣin 105 péré ni tirẹ̀, ní nǹkan bí ìgbà 2,500 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ipá ìyí rẹ̀ sún mọ́ Newton-mítà 360. Agbára rẹ̀ kò tó ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́. Ipá ìyí rẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ. Ìyàtọ̀ yìí ni ẹwà iṣẹ́ náà, òun náà sì ni ewu rẹ̀.

Ibo ni irú ipá bẹ́ẹ̀ ti wá? Rudolf Diesel, ará Jámánì, ẹni tí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣiṣẹ́ yọrí ní ìlú Augsburg ní 1897, kò fi iná kankan sínú ẹ̀rọ náà. Afẹ́fẹ́ ni ó ń fún pọ̀ títí yóò fi gbóná tó láti ran epo fúnra rẹ̀. Nínú ẹ́ńjìnnì tí mò ń sọ yìí, a ń fún afẹ́fẹ́ náà títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó dín sí ìdá kan nínú méjìdínlógún. Nínú Land Rover oníbẹntiróòlù, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ ni. Irin fẹ́lẹ́ kò lè gba irú ìfúnpọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ra, nítorí náà ni 4BT fi wúwo tó nǹkan bí kílò 340. Àǹfààní kan wà níbẹ̀ fún ẹni tí ń wakọ̀ nínú igbó: nígbà tí kò sí púlọ́ọ̀gì, kò sí ohun tí omi odò yóò rin tí iná rẹ̀ yóò fi kú, bí imú tí ó fi ń fa afẹ́fẹ́ bá ti wà lókè omi. Ohun kan tún kù. Ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù àtijọ́ ní ilẹ̀kùn kékeré kan ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ rẹ̀, èyí tí ẹsẹ̀ awakọ̀ ń ṣí tí ó sì ń tì. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì akẹ́rù irú èyí kò ní ilẹ̀kùn; afẹ́fẹ́ ń wọlé bí ó ti wù ú, epo nìkan ni a ń díwọ̀n. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí sọ́kàn. N ó padà sí i.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé iṣẹ́ àwọn mẹkáníìkì abẹ́ igi nìkan ni èyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé-iṣẹ́ tí ń to Land Rover pọ̀ ní Australia gbé ẹ́ńjìnnì 4BD1 ti Isuzu, lítà 3.9, tí a ṣe fún ọkọ̀ akẹ́rù, sínú Land Rover gígùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbòòrò, epo sì jìnnà sí ara wọn. Nígbà tí ó di 1987, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí gba Land Rover tí wọ́n ń pè ní Perentie, ẹ́ńjìnnì yìí kan náà ni ó sì wà nínú rẹ̀. Wọ́n fi tọ́bò kún ti àwọn tí ó ní ẹsẹ̀ mẹ́fà. Ohun tí mo yìn jù nínú iṣẹ́ àwọn ará Australia kì í ṣe ẹ́ńjìnnì náà. Wọn kò so ó mọ́ àpótí gíà àtijọ́ tí a ṣe fún ipá kékeré. Àpótí gíà LT95, tí wọ́n ti ṣe fún ẹ́ńjìnnì ńlá inú Range Rover ti 1970, ni wọ́n lò, wọ́n sì yí ìwọ̀n eyín rẹ̀ padà kí ó lè bá ẹ́ńjìnnì tí kì í sáré mu. Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, inú ọkọ̀ tí ń pín búrẹ́dì kiri ni àwọn ènìyàn ti ń tú 4BT sínú Jeep wọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ eyín gíà yìí, kò le. Nínú Land Rover àtijọ́, ní gíà tí ó ga jù, ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ yí ní nǹkan bí ìgbà 5.4 kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Bí táyà bá sì yí lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ yóò sún síwájú ní nǹkan bí mítà 2.45. Ẹ́ńjìnnì tí ó lè yí ní ìgbà 4,000 yóò gbé ọkọ̀ náà sáré tó kìlómítà 109 ní wákàtí kan. Ẹ fi èyí tí kò lè yí ju ìgbà 2,500 lọ sí ipò rẹ̀, kìlómítà 68 ni ẹ ó rí. Ẹ ti náwó, ẹ ti ra ipá, ọkọ̀ akóyọyọ sì ń yà yín sílẹ̀ lójú títì! Àtúnṣe rẹ̀ wà ní àárín ẹsẹ̀ ọkọ̀, níbi tí eyín gíà ti ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti tòsì. Ìwọ̀n 4.7 ni ti Land Rover àtijọ́; bí a bá yọ ọ́, tí a fi ti Range Rover àtijọ́ sí i, èyí tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 3.54, ọkọ̀ náà yóò tó kìlómítà 90 láìjẹ́ pé ẹ́ńjìnnì sáré ju bí a ti dá a lọ.

Ti ìsopọ̀ kò ní pẹ́. Ẹnu ẹ́ńjìnnì akẹ́rù àti ẹnu àpótí gíà Land Rover kò bá ara wọn mu, nítorí náà a ní láti gbẹ́ irin pẹlẹbẹ kan sáàrin wọn. Àárín ọ̀pá ẹ́ńjìnnì àti àárín ọ̀pá gíà gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kan náà. Àṣìṣe tí ó bá ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ ti pọ̀ jù, béárìn àti kúlọ́ọ̀ṣì ni yóò sì jìyà rẹ̀. Ojú lásán kò lè rí i. Ní ti gbígbọ̀n, sìlíńdà kọ̀ọ̀kan nínú 4BT fẹ́rẹ̀ẹ́ tó odindi lítà kan, kò sì sí ọ̀pá kankan nínú rẹ̀ tí a fi sí i láti pa ìgbọ̀nrìrì náà. Rọ́bà ìjókòó ẹ́ńjìnnì tí ó bá le jù yóò jẹ́ kí eyín awakọ̀ máa lù ara wọn.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Nínú Land Rover tèmi, agolo dúdú kan wà níwájú ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ búréèkì, tí ń ran ẹsẹ̀ awakọ̀ lọ́wọ́. Ìfàmu afẹ́fẹ́ ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì oníbẹntiróòlù bá fẹ́ mí, tí ilẹ̀kùn tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan bá sì wà ní títì, ọ̀nà afẹ́fẹ́ náà a máa fà bí ẹnu ọmọ tí ń mu ọmú. Rọ́bà kan ni ó so ìfàmu yìí mọ́ agolo búréèkì. Ní gbogbo ọdún tí mo fi wa ọkọ̀ náà, n kò mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì ni ó ń bá mi tẹ búréèkì.

Mẹkáníìkì mi, tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí kò sì rẹ́ mi jẹ, gbé ẹ́ńjìnnì akẹ́rù tòkunbọ̀ sínú ọkọ̀ náà. Nínú ọkọ̀ akẹ́rù irú bẹ́ẹ̀, pọ́ǹpù kékeré kan ni ó sábà máa ń ṣe iṣẹ́ ìfàmu, lẹ́yìn ẹ̀rọ tí ń fi iná sí bátìrì. Ẹni tí ó tú ẹ́ńjìnnì náà tà ti yọ ọ́. Ọkùnrin náà rí rọ́bà búréèkì tí ó ń fì dirodiro, ó sì so ó mọ́ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì tuntun, gẹ́gẹ́ bí ó ti bá a lára ti àtijọ́. Ta ni ìbá ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ? Ṣùgbọ́n kò sí ilẹ̀kùn níbẹ̀, kò sì sí ìfàmu. A gbìyànjú ọkọ̀ náà nínú ìlú, lórí ilẹ̀ tí ó tẹ́jú. Búréèkì le díẹ̀. Mo ní nítorí pé a pààrọ̀ ìdí rẹ̀ ni. 'Ọ̀gá,' ni mẹkáníìkì wí, 'ọkọ̀ yín ti di kìnnìún.'

Ní Sátidé tí ó tẹ̀lé e, akẹ́kọ̀ọ́ méjì àti àpò yẹ̀pẹ̀ tí a fẹ́ yẹ̀ wò wà nínú ọkọ̀, a sì ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan ní agbègbè Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Mo tẹ búréèkì, ó dúró bí àpáta. Kì í ṣe pé ó já. Ẹsẹ̀ mi nìkan ni ó ń ṣe iṣẹ́ tí ẹsẹ̀ àti agolo jọ ń ṣe. Mo gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo kí ẹ́ńjìnnì lè fà wá sẹ́yìn bí ti tẹ́lẹ̀. Kò fà wá tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé ilẹ̀kùn kan náà ni ìbá jẹ́ kí ó fà wá. Mo já gíà sí èkejì, ó han gooro, eré náà dín díẹ̀, mo sì darí imú ọkọ̀ sínú yẹ̀pẹ̀ ara òkè. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà fi orí gbá irin; àpá rẹ̀ wà níwájú orí rẹ̀ títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti di olùkọ́ báyìí.

Pọ́ǹpù tí ó tún un ṣe kò tóbi ju ìkúùkù lọ. A rí i ní àtìtàn ọkọ̀, bẹ́líìtì ni ó ń yí i. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní ọkọ̀ tí a ti pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ báyìí, ẹ jẹ́ kí ó dán an wò lọ́la kí ó tó gbéra. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì ṣiṣẹ́, ẹ tẹ búréèkì ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún títí yóò fi le. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí rẹ̀, kí ẹ sì tan ẹ́ńjìnnì. Bí agolo náà bá ń ṣiṣẹ́, búréèkì yóò rì díẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Bí kò bá rì, ẹ pa ẹ́ńjìnnì náà, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀.