Ooru 127 tí kò sí níbẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, díẹ̀ ló kù kí bọ́ọ̀dù kan gbọ́n owó oúnjẹ mi lọ. Bí mo bá ṣe ń tàn án ló ń kú. Ó ní processor ti gbóná dé 127°C. Mo fọwọ́ kàn án, ó tutù nini!

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Diode kékeré kan wà nínú processor. Chip mìíràn tó wà lápá ibòmíì lórí bọ́ọ̀dù ló ń fi iná kékeré méjì ránṣẹ́ sí i, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, tó sì ń wo ìyàtọ̀ fóltéèjì wọn. Bí iná kan bá jẹ́ ìlọ́po 10 èkejì, nǹkan bíi 0.2 mV péré ló ń dúró fún dígírì kan. Ariwo iná lásán lè dà á rú. Bí ọ̀nà bá wá já pátápátá, àwọn chip kan á kàn máa ké 127.

Mo ti fẹ́ lọ ra processor tuntun o! Mo wá pa iná, mo fi mítà wọn ọ̀nà àárín àwọn méjèèjì. Léèdì ẹsẹ̀ chip kan ló ti sán. Mo lẹ̀ ẹ́ padà, ó ka 41°C.

Ẹ yẹ ọ̀nà wò kẹ́ ẹ tó dá processor lẹ́bi.