Ayálégbé nìkan kọ́ ló ń ba ilé jẹ́: òfò tí onílé kì í kà mọ́ owó ilé

Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Kìíní ọdún 2024, ìbúgbàmù kan mi ìlú Ìbàdàn tìtì. Bódìjà ló ti ṣẹlẹ̀. Gómìnà Ṣèyí Mákindé sọ pé àwọn awakùsà tí kò gbàṣẹ, tí wọ́n ń gbé ọ̀kan nínú àwọn ilé tó wà níbẹ̀, ló kó ohun abúgbàmù pamọ́ sínú rẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àwọn aládùúgbò tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ sì bà jẹ́.

Onílé tó bá gbọ́ irú èyí, ayálégbé ni yóò máa fura sí. Ó yẹ kó mọ iṣẹ́ ẹni tó gbà sílé lóòótọ́, kó sì máa yọjú síbẹ̀. Òfin ìyálégbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011 fún un láàyè láti wọlé lójú ọ̀sán yẹ ilé rẹ̀ wò, bó bá ti kọ̀wé sí ayálégbé ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ onílé kì í yọjú, àfi ìgbà tí owó ilé bá tó san. Àwọn èèyàn wa ní London àti Houston tí wọ́n kọ́lé sílé ńkọ́? Ohun tí alámòójútó bá sọ fún wọn lórí fóònù ni wọ́n mọ̀.

Síbẹ̀, èmi gbà pé omi ń ba ilé jẹ́ ju ayálégbé burúkú lọ. Páìpù ilé ìwẹ̀ òkè á máa jò díẹ̀díẹ̀, omi á wọnú dẹ́kìn, á dé ibi tí irin wà. Irin á dípẹtà. Ìpẹtà yìí máa ń fẹ̀ ju irin tó ti jáde lọ, nítorí náà á máa ti kọnkéré láti inú títí tí yóò fi sán, tí yóò sì máa já bọ́. Ní agbègbè etíkun bíi Lẹ́kí, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ń mú kó yá sí i. Ayálégbé á pe alámòójútó pé sílìn ń rin, alámòójútó á ní kí wọ́n kun ún lọ́dà. Ọ̀dà bo ojú rẹ̀ lásán ni. Iṣẹ́ tí púlọ́ńbà ì bá parí láàárọ̀ ọjọ́ kan á wá di pé kí wọ́n fọ́ ilẹ̀ yàrá.

Ta ni yóò sanwó? Lábẹ́ òfin Èkó yẹn, ayálégbé ni kó tọ́jú ibi tó ń gbé, yàtọ̀ sí gbígbó tí lílò lásán fà. Onílé ni kó tún ìta àti ibi àjùmọ̀lò ṣe. Bí onílé bá gba owó kọ́ṣọ̀n (owó ìdógò nítorí ohun tó bá bà jẹ́), ó gbọ́dọ̀ já rìsíìtì rẹ̀ lọ́tọ̀, ayálégbé sì lẹ́tọ̀ọ́ sí àkọsílẹ̀ bí wọ́n ṣe ná an, ó kéré tán ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ìkòyí, Victoria Island, Apápá àti GRA Ìkẹjà kò sí lábẹ́ òfin yìí. Níbi gbogbo, ẹ ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ tí ayálégbé bá kó wọlé. Òun ni ẹ̀rí.

Ibi tó ń dùn mí jù ni ọ̀rọ̀ adójútòfò. Òfin adójútòfò ti ọdún 2003, tí wọ́n fi tuntun rọ́pò ní 2025, ti sọ ọ́ di dandan pé kí onílé tó ní ayálégbé ra adójútòfò fún iná, ìjì, àgbàrá àti ilé wíwó. Ọ̀pọ̀ kò ṣe é. Àwọn tó ṣe é gan-an máa ń ra ti iná, wọ́n á rò pé àgbàrá wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀tọ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ìyẹn kún un.

Iye tí wọ́n kọ sínú ìwé adójútòfò náà tún wà níbẹ̀. Ká ní ilé tí yóò gba mílíọ̀nù 80 náírà láti tún kọ́ lónìí ni wọ́n kọ mílíọ̀nù 20 fún. Bí iná bá ba mílíọ̀nù 8 jẹ́, ilé iṣẹ́ adójútòfò lè san mílíọ̀nù 2 péré, nítorí ìdá kan nínú mẹ́rin ìníyelórí ilé náà nìkan ni wọ́n gba owó lé. Láti 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, iye àtijọ́ ṣì wà nínú ìwé ọ̀pọ̀ onílé.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú ìwé yín jáde. Ẹ béèrè lọ́wọ́ kọ́lékọ́lé iye tí àtúnkọ́ ilé yín yóò jẹ lónìí. Bí kò bá bá ti inú ìwé mu, ẹ lọ tún un ṣe kí òjò tó dé.