Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ta ló ni NITEL báyìí?

Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀, Ifọ́n àti Ìdóàní, ṣé ẹ rántí ìgbà tí tẹlifóònù jẹ́ ohun àwọn èèyàn díẹ̀? NITEL, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, nìyẹn. Ìjọba àpapọ̀ dá a sílẹ̀ ní 1985. Ọwọ́ ta ló wà lónìí?

1. 2001: Ilé-iṣẹ́ Investors International London fẹ́ san $1.317 bílíọ̀nù fún ìpín 51 nínú 100. Wọ́n san àsansílẹ̀, wọn ò rí èyí tó kù san.

2. 2006: Ilé-iṣẹ́ Transcorp ra ìpín tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní $500 mílíọ̀nù. Ìjọba gbà á padà ní 2009.

3. 2010: Ilé-iṣẹ́ New Generation dá $2.5 bílíọ̀nù lé e. Owó ò wọlé.

4. 2015: Ilé-iṣẹ́ aládàáni NATCOM gbà á ní $252.25 mílíọ̀nù. Ẹ fara balẹ̀ ka ibí yìí. Dúkìá ni wọ́n rà: ilẹ̀, ilé, òpó, wáyà, títí kan ìpín nínú okùn SAT-3 tó gba abẹ́ òkun kọjá. Gbèsè NITEL, tó fi mọ́ ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́, kò bá wọn lọ. Ó dùn mí gan-an pé àwọn tó fi ìgbà èwe wọn sìn níbẹ̀ dúró de owó ìfẹ̀yìntì fún ọdún gbọọrọ.

Nítorí náà, aládàáni ló ni dúkìá NITEL. Orúkọ tí NATCOM fi ṣòwò ni ntel, Èkó àti Àbújá ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2016.

Ta ló ní tẹlifóònù ládùúgbò yín nígbà náà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, kí ẹ sì fi èyí ránṣẹ́ sí ẹni tó bá NITEL ṣiṣẹ́ rí.