Màlúù Ṣáájú Ife Ọtí: Ẹrù Onílé Èrò ní Skọ́tlándì Àtijọ́

Bí onílé èrò kan bá kú ní ìgbèríko Skọ́tlándì ní nǹkan bí 400 ọdún sẹ́yìn, wọ́n á ka ẹrù rẹ̀, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá rò pé àgbá ọtí àti bẹ́ẹ̀dì àlejò ni yóò gba iwájú nínú ìwé náà ṣì í rò. Ẹran ọ̀sìn ló sábà máa ń ṣíwájú: ẹṣin mélòó, abo màlúù mélòó, akọ màlúù tó ń túlẹ̀, àgùntàn tòun tọmọ rẹ̀. Ọkà inú abà ló máa ń tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ọkà tó ṣì wà lóko. Ìkòkò, àga, ife, aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì, gbogbo ohun tí àlejò fi ń mọ̀ pé ilé èrò lòun wọ̀, ìsàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n máa ń wà, iye owó kan ṣoṣo ni wọ́n sì sábà máa ń dá lé gbogbo wọn lórí.

Ètò yẹn bá ìgbésí ayé ọkùnrin náà mu. Àgbẹ̀ ni. Ilé rẹ̀ wà lẹ́bàá ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ mọ ọtí pọn, àyè sì wà fún ẹṣin àlejò. Bí ilé àgbẹ̀ ṣe ń di ilé èrò nìyẹn.

Ìjọba pàápàá fẹ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Ní 1424, nígbà Ọba James Kìíní, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Skọ́tlándì pàṣẹ pé kí ilé èrò wà láwọn ìlú àti lójú ọ̀nà tí èrò ń gbà, kí wọ́n ní yàrá àti ilé ẹṣin, kí àlejò sì lè ra búrẹ́dì, ọtí àti oúnjẹ fún ara rẹ̀ àti fún ẹṣin rẹ̀ ní iye tó mọ níwọ̀n. Kò pẹ́ tí àwọn onílé èrò fi kígbe tọ ọba lọ pé ilé ojúlùmọ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò ṣì ń wọ̀ sí, ni òfin mìíràn bá tún jáde tó kọ ìyẹn. Àṣà kò tètè yí padà. Nígbà tí Fynes Moryson, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó rin ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù já, dé Skọ́tlándì ní 1598, ó kọ ọ́ pé òun kò rí ilé èrò tó gbé àmì kọ́ síta. Àwọn ará ìlú tó rí jájẹ ló ń pọntí, tí wọ́n sì ń gba àlejò tó bá jẹ́ ojúlùmọ̀ tàbí tó bá bẹ̀ wọ́n.

Ìwé ogún tí a fi mọ ẹrù irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀ wà títí dòní. Kí ìsìn tó yí padà ní Skọ́tlándì, ilé-ẹjọ́ ìjọ ló ń bójú tó ogún òkú. Ní 1564, wọ́n dá ilé-ẹjọ́ mìíràn sílẹ̀ ní Edinburgh fún iṣẹ́ náà, irú rẹ̀ sì wà káàkiri àwọn àgbègbè yòókù títí di ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Àwọn ìwé náà, láti 1513 títí dé 1925, wà ní ilé ìpamọ́ ìwé ìjọba, National Records of Scotland, ní Edinburgh, ẹni tó bá sì ń wá baba ńlá rẹ̀ lè wá a lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Kì í ṣe gbogbo òkú ni wọ́n kọ ẹrù rẹ̀. Ẹni tí kò ní ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ kì í dé ibẹ̀. Nítorí náà, onílé èrò tí a bá bá pàdé nínú ìwé wọ̀nyí kì í ṣe tálákà paraku, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í sábà jẹ́ ọlọ́rọ̀.

Owó inú ìwé wọ̀nyí ń fẹ́ ìṣọ́ra. Pọ́n-ùn Skọ́tlándì nígbà náà kì í ṣe ẹgbẹ́ pọ́n-ùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti 1603, nígbà tí ọba kan ṣoṣo bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ lórí ilẹ̀ méjèèjì, pọ́n-ùn Skọ́tlándì 12 ni wọ́n ń kà sí pọ́n-ùn kan ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkú tí ìwé sọ pé ó fi 120 pọ́n-ùn sílẹ̀, 10 péré ni lójú ará London.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣírò ọkà oko tilẹ̀ sọ púpọ̀ fún wa ju owó lọ. Wọn kì í dúró de ìkórè. Wọ́n á kọ iye irúgbìn tí olóògbé gbìn, wọ́n á sì sọ iye ìlọ́po tí wọ́n retí pé yóò so. Fún ọkà óòtì, ìlọ́po mẹ́ta ni wọ́n sábà máa ń kọ: ẹni tó gbin òṣùwọ̀n 10, wọ́n gbà pé yóò kórè 30. Àwọn ará Skọ́tlándì fúnra wọn máa ń pín in sí mẹ́ta lẹ́nu: ìdá kan fún irúgbìn ọdún tó ń bọ̀, ìdá kan fún jíjẹ, ìdá kan fún onílẹ̀. Inú ìdá jíjẹ yẹn ni oúnjẹ ìdílé, ti ìránṣẹ́ àti ti àlejò ti ń jáde. Bí òjò bá pọ̀ jù, tí ìlọ́po mẹ́ta di ìlọ́po méjì, kò sí ibi tí wọ́n ti lè rí àfikún. Láàárín ọdún 1695 sí 1699, ìkórè kùnà léraléra, ìyàn sì mú débi pé ọ̀pọ̀ èèyàn kú, ọ̀pọ̀ sì sá kúrò nílẹ̀ wọn.

Inú ilé wá ńkọ́? Nígbà tí akọ̀wé bá ní sùúrù, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ lu ẹrù náà ní gbàǹjo, ni a máa ń rí àwọn ohun èlò lọ́kọ̀ọ̀kan. Iná ló wà láàárín gbogbo rẹ̀. Ilẹ̀ irà tí wọ́n gé bí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n sì sá gbẹ ni wọ́n fi ń dá a níbi tí igi ti ṣọ̀wọ́n, ẹ̀wọ̀n irin sì sọ̀ kalẹ̀ látòkè tí wọ́n ń gbé ìkòkò irin kọ́. Irin pẹlẹbẹ kan wà fún dídín àkàrà ọkà óòtì, èyí tó jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn. Àpótí ìyẹ̀fun jẹ́ ọ̀kan lára ohun tó tóbi jù nínú ilé, kò sì yani lẹ́nu bí a bá rí i tó ní kọ́kọ́rọ́. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ àwo àti ife, ìwo ẹran ni wọ́n fi ṣe ṣíbí. Onílé èrò tó bá lówó díẹ̀ a máa ní àwo tí wọ́n fi òjé àti tánganran rọ, èyí tí wọ́n ń tò síbi tí ojú àlejò á ti tó o. Fìtílà kékeré tó ń lo epo ẹja ló ń tàn lálẹ́.

Bẹ́ẹ̀dì ni ohun tó níye lórí jù nínú yàrá. Moryson rí i bí kọ́bọ́ọ̀dù inú ògiri tó ní ilẹ̀kùn, tí èèyàn ń gùn wọlé sí, tí a sì ń tì pa bó bá wu ẹni tó ń sùn. Aṣọ ìtẹ́bẹ́ẹ̀dì kan ṣoṣo, tí wọ́n ṣẹ́ po níbi ẹsẹ̀, ni wọ́n ń lò. Fún ilẹ̀ tí òtútù rẹ̀ ń wọ egungun, ọgbọ́n ńlá ni bẹ́ẹ̀dì tó ní ilẹ̀kùn. Aṣọ funfun àti kúbùsù inú àpótí, ọwọ́ obìnrin ilé ló sábà máa ń ti wá: òun ló ń fi kẹ̀kẹ́ ran irun àgùntàn àti òwú ọ̀gbọ̀, kí wọ́n tó gbé e fún ahunṣọ.

Òun náà ló ń pọntí. Ọkà bálì ni yóò kọ́kọ́ rẹ sínú omi títí yóò fi hù, yóò tẹ́ ẹ sílẹ̀, yóò fi ooru iná gbẹ ẹ́, wọn yóò lọ̀ ọ́, yóò da omi gbígbóná lé e nínú ọpọ́n ńlá, kó tó gbé e sínú àgbá láti wú. Ọpọ́n, àgbá, ìkòkò ńlá, asẹ́, gbogbo wọn ni wọ́n ń bá nínú ìwé ogún àwọn tó ń ta ọtí. Pẹ̀lú wọn ni ife òṣùwọ̀n, nítorí pé òfin ló de iye tí ife gbọ́dọ̀ gbà. Ìlú Stirling ló ń tọ́jú ife àwòṣe tí gbogbo ilẹ̀ Skọ́tlándì ń fi ṣe òdiwọ̀n pint, pint wọn nígbà náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta ti Ìlú Ọba lónìí. Ọ̀rọ̀ ọtí yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ṣeréṣeré fún wọn: nígbà tí ìjọba bu owó orí lé ọkà tí wọ́n fi ń pọntí ní 1725, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Glasgow, wọ́n sì ba ilé aṣòfin tó ń ṣojú ìlú náà jẹ́.

Ó dunni pé orúkọ obìnrin yìí kì í sí lórí ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe. Lábẹ́ òfin Skọ́tlándì, ẹrù ìyàwó di ti ọkọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ó sì di 1881 kí òfin náà tó yí padà. Àgbá tó ń pọntí sí, kẹ̀kẹ́ ìrànwú rẹ̀, ìkòkò tó bá a délé ọkọ, orúkọ ọkọ ni wọ́n ń jẹ́ nínú ìwé.

Láti ilé, ẹ jẹ́ ká jáde sóko. Ilẹ̀ tí onílé èrò ń ro kì í sábà wà lójú kan. Ó ní ilà ilẹ̀ kan níbí, ilà kejì lọ́hùn-ún, ti aládùúgbò rẹ̀ sì wà láàárín, kí ilẹ̀ tó dára àti èyí tí kò dára lè kárí. Ohun èlò ìtúlẹ̀ wọn wúwo, akọ màlúù mẹ́jọ ló lè gbà láti fà á. Àgbẹ̀ kékeré kò ní mẹ́jọ, nítorí náà àwọn aládùúgbò máa ń kó màlúù wọn pọ̀. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé akọ màlúù méjì tí a bá rí nínú ìwé ogún ẹnì kan lè jẹ́ ìdá mẹ́rin ẹran ìtúlẹ̀ abúlé.

Ìṣákọ́lẹ̀ ń bẹ lórí gbogbo rẹ̀. Apá kan jẹ́ owó, apá kan jẹ́ ìyẹ̀fun, adìyẹ àti ọjọ́ iṣẹ́ lóko onílẹ̀. Ọlọ onílẹ̀ ni wọ́n sì sábà máa ń fi dandan mú wọn láti lọ ọkà, kí wọ́n tún fi díẹ̀ nínú rẹ̀ san owó ọlọ. Bí ìṣákọ́lẹ̀ kò bá wọlé, òfin gba onílẹ̀ láyè láti dí ọkà àti ẹran ayálégbé mú.

Gbèsè ló ń parí ìwé ogún: èyí tí àwọn èèyàn jẹ olóògbé, àti èyí tí òun náà jẹ. Onílé èrò ń ta àwìn, ó sì ń jẹ owó iṣẹ́ ìránṣẹ́ àti ìṣákọ́lẹ̀. Ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn gbèsè ni wọ́n ń pín sọ́nà mẹ́ta bó bá ní ìyàwó àti ọmọ: ìdá kan fún opó, ìdá kan fún àwọn ọmọ, ìdá kan ni olóògbé lè fún ẹni tó wù ú. Ilẹ̀ kò sí nínú rẹ̀. Títí di 1868, ìwé ìhágún kò lè pín ilẹ̀ rárá, dáwódù ló ń jogún rẹ̀. Fún ayálégbé, ìyẹn kò já mọ́ nǹkan kan, torí kò nílẹ̀. Ní apá olókè Skọ́tlándì, ohun tó ní nínú ilé fúnra rẹ̀ lè má ju igi òrùlé lọ. Igi ṣọ̀wọ́n níbẹ̀ débi pé bí ìdílé bá ń ṣí lọ, wọ́n á tú igi náà, wọ́n á sì gbé e lọ.

Onílé èrò kan wà ní apá òkè yẹn tí a mọ̀ ju àwọn yòókù lọ, torí pé òǹkọ̀wé ńlá méjì sùn nílé rẹ̀. Macqueen ni wọ́n ń pè é, ní Anoch, ní àfonífojì Glenmoriston. Samuel Johnson àti James Boswell dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ 31 oṣù Ògọ́ọ̀sì 1773. Abúlé náà kò ju ahéré mẹ́ta lọ. Ilẹ̀ oníkoríko tí wọ́n gé ni wọ́n tò ṣe ògiri ilé Macqueen, ó ní yàrá mẹ́ta tó tò tẹ̀ lé ara wọn àti kékeré kan tó yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀ka igi tí wọ́n hun dáadáa ló sì bo ògiri inú. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ gbogbo rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì méjì wà nínú yàrá àlejò, aṣọ obìnrin kan tí wọ́n fi okùn kọ́ ló sì là wọ́n láàárín.

Ìwé wà lórí pẹpẹ, èyí sì ya Johnson lẹ́nu. Ó sọ ọ́ jáde, ó sì rí i pé inú onílé kò dùn sí i. Nígbà tó tún yin èdè Gẹ̀ẹ́sì ọkùnrin náà, èsì tó gbà ni pé kí ló yani lẹ́nu níbẹ̀, ìwé gírámà lòun fi kọ́ ọ. Ọmọbìnrin ilé po tíì fún wọn. Johnson fún un ní ìwé ìṣirò kan tó rà ní Inverness.

Lọ́jọ́ kejì, Macqueen sìn wọ́n sọ́nà, ó sì sọ bí òun ṣe wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun àwọn ará òkè tó dìde sí ìjọba ní 1745, títí dé ẹ̀yìn ogun Culloden tí wọ́n ti ṣẹ́gun wọn. Ìrora tó wà lọ́kàn rẹ̀ nígbà náà kì í ṣe ti ogun mọ́. Láàárín ọdún 25, ìṣákọ́lẹ̀ oko rẹ̀ ti kúrò ní 5 pọ́n-ùn, ó ti di 20. Ó ní òun lè san 10 kí òun sì jẹun, òun kò lè kọjá bẹ́ẹ̀. Johnson bi í bóyá àwọn èèyàn yóò dúró bí wọ́n bá ń ṣe wọ́n dáadáa, Macqueen sì fi ìbínú dáhùn pé kò sẹ́ni tó fínnúfíndọ̀ fi ilẹ̀ baba rẹ̀ sílẹ̀. Àádọ́rin ọkùnrin ló ti kúrò ní àfonífojì náà lọ sí Amẹ́ríkà, ó sì ní òun náà yóò lọ lọ́dún tó ń bọ̀.